Akọpẹ àti Igbà Rẹ̀: Àlàyé Lórí Ohun Èlò Aṣèrànwọ́ Nínú Kíláàsì

Ní praimárì kẹrin, orúkọ tí wọ́n fún mi ni "Adàwékọ". Bí tíṣà bá ti kọ iṣẹ́ sójú pátákó, ìwé ẹni tó jókòó tì mí ni mo máa ń yọjú wò. Kì í ṣe pé n kò mọ ìṣirò náà. N kò rí i ni. Ńṣe ni pátákó dà bíi pé èéfín bò ó. Mo rí dúdú, mo rí funfun, ṣùgbọ́n 3 àti 8 kò yàtọ̀ síra lójú mi. Mo jẹ ẹgba títí ó fi sú mi. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì wá kí wa nílé, ó bá mi níbi tí mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan tẹlifíṣọ̀n, ó sì ní kí wọ́n gbé mi lọ ṣàyẹ̀wò ojú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo gbé awò sójú, mo jókòó sí ìlà kẹrin, mo ka gbogbo ohun tó wà lójú pátákó láìyọjú sí ìwé ẹnikẹ́ni. Orí tí mo gbé wá láti ilé kò yí padà.

Mo bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀ nítorí pé bí a bá ti dárúkọ ohun èlò aṣèrànwọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀rọ olówó gọbọi láti òkè òkun ló máa ń wá sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn, tàbí ilé-ìwé kan lọ́tọ̀ tí wọ́n kó àwọn aláàbọ̀ ara sí. Awò ojú mi yìí, ohun èlò aṣèrànwọ́ ni.

Kí là ń pè bẹ́ẹ̀?

Ohun èlò aṣèrànwọ́ ni ohunkóhun, ìbáà ṣe èyí tí a rà, èyí tí a fọwọ́ ara wa ṣe, tàbí èyí tí a tún ṣe kó lè bá ẹnì kan mu, tó ń jẹ́ kí onítọ̀hún rí ohun tó fẹ́ ṣe ṣe, nígbà tí ojú, etí, ọwọ́, ẹsẹ̀ tàbí ọpọlọ rẹ̀ kì bá gbà fún un. Ní 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé àkójọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ 50 jáde, wọ́n ní ó yẹ kó wà lárọ̀ọ́wọ́tó ní orílẹ̀-èdè gbogbo. Kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ìgbọ́ràn wà níbẹ̀, awò ojú àti ọ̀pá ìtìlẹ̀ náà wà níbẹ̀, títí kan ike alálàfo tí àwọn àgbàlagbà máa ń to oògùn ọ̀sẹ̀ kan sí. Nígbà tí àjọ náà àti UNICEF jọ gbé ìròyìn jáde ní 2022, wọ́n ní àwọn tó nílò ó kéré tán ọ̀kan nínú rẹ̀ ju bílíọ̀nù 2.5 lọ lágbàáyé, àti pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n tó bílíọ̀nù 3.5 ní 2050, torí pé ẹ̀mí àwọn èèyàn ń gùn sí i. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ àwọn díẹ̀ kan ni, kó wo inú ilé tirẹ̀: ta ló ń na Bíbélì tàbí Kùránì jìnnà síwájú kó tó lè kà á?

Àfiwé tó yé mi jù ni ti akọpẹ. Ó gbé igbà yí ara rẹ̀ àti igi ká, ó so ó, ó fẹ̀yìn tì í, ó sì ń gun ọ̀pẹ lọ ní ìṣísẹ̀-ìṣísẹ̀. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé kó ju igbà nù, kó gùn ún bí ọkùnrin. Igbà kì í gé ẹyìn fún un, àdá ọwọ́ rẹ̀ ló ń gé e. Igbà kì í sọ èyí tó pọ́n nínú ìdì ẹyìn fún un, ojú rẹ̀ ló fi mọ̀ ọ́n. Igbà kò sì ké ọ̀pẹ kúrú.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí nínú kíláàsì. Ohun èlò aṣèrànwọ́ kì í dín ẹ̀kọ́ kù, kì í wo ojú tàbí etí sàn, kì í sì í bá ọmọ ronú. Àárín ọmọ àti ẹ̀kọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà, èmi kò gbà pẹ̀lú àwọn olùkọ́ kan nígbà tí wọ́n bá ní ọmọ tó fi etí gbọ́ ìwé ìtàn lórí fóònù dípò kó fojú kà á ń ṣe màgòmágó. Bó bá jẹ́ pé ìtàn náà la fẹ́ kó mọ̀, ó ti mọ̀ ọ́n. Bó bá jẹ́ pé ìwé kíkà gan-an là ń dán wò, ọjọ́ yẹn ni ká gbé fóònù kúrò.

Ojú tó ríran díẹ̀

Láàárín ẹni tó ríran kedere àti ẹni tí kò ríran rárá, ọ̀nà jìn. Ojú ọ̀nà yẹn ni ọ̀pọ̀ ọmọ wà, ibẹ̀ náà la sì ti máa ń ṣì wọ́n mú fún olódo. Bí ẹ bá gba káàdì lọ́wọ́ dókítà ojú, tí ẹ rí 6/60 níbẹ̀, ohun tó túmọ̀ sí ni pé ohun tí ojú tó dá ṣáṣá lè rí láti mítà 60, ojú tiyín gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn tó mítà 6 kó tó rí i. Herman Snellen, dókítà ojú ará Netherlands, ló gbé àtẹ lẹ́tà tó ń kéré sí i wálẹ̀ jáde ní 1862, irú èyí tó wà lára ògiri ilé ìwòsàn ojú. Olùkọ́ lè so irú rẹ̀ kọ́ sára ògiri kíláàsì ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, kó fi okùn wọn mítà 6, kó pe àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa fọwọ́ bo ojú kan. Fún àwọn tí kò tíì mọ̀wé, lẹ́tà E nìkan tó, èyí tí wọ́n yí síbí yí sọ́hùn-ún: kí ọmọ kàn fi ìka júwe ibi tí ẹnu E kọjú sí. Èyí kò sọ olùkọ́ di dókítà. Ó kàn jẹ́ kó mọ ẹni tí yóò rán lọ sọ́dọ̀ dókítà ni.

Ọmọ tó jẹ́ àfín ni àpẹẹrẹ tó hàn jù lọ. Èròjà tó ń fún awọ ara ní àwọ̀ ṣọ̀wọ́n nínú ojú rẹ̀ pẹ̀lú, ìmọ́lẹ̀ sì ń ya wọlé ju bó ti yẹ lọ. Awò lè ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kì í sábà dá ìríran rẹ̀ padà sí ti ẹlòmíràn. Ohun tó nílò ni ìlà iwájú, fìlà ẹlẹ́tí títí kan inú kíláàsì, dígí tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, àti ìwé tí lẹ́tà rẹ̀ tó póìntì 18. Tíṣà tó gbé e sí iwájú, ṣùgbọ́n tó fi í sẹ́nu fèrèsé níbi tí oòrùn ti ń ta sí i lójú, ọwọ́ ọ̀tún ló fi fún un tó fi òsì gbà á padà. Bí fóònù bá wà, kí ó ya fọ́tò pátákó, kó fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́. Bí kò bá sí, ẹ kọ lẹ́tà gàgàrà-gàgàrà, ẹ sì kun pátákó. Àwa tí a lọ ilé-ìwé láyé àtijọ́ mọ bí a ṣe ń gún èédú mọ́ ewé láti fi pa pátákó títí yóò fi dúdú kirikiri. A rò pé ìyà iṣẹ́ ni. Lójú ọmọ tí kò ríran dáadáa, ohun èlò aṣèrànwọ́ tí owó rẹ̀ kéré jù lọ nìyẹn, gbogbo kíláàsì ló sì ń jẹ àǹfààní rẹ̀.

Ojú mẹ́fà lábẹ́ ọmọ-ìka

Fún ọmọ tí kò ríran rárá, Braille ni. Ìtàn rẹ̀ yẹ ní sísọ, torí pé ọwọ́ ọmọdé ló ti jáde. Wọ́n bí Louis Braille ní 1809 ní Coupvray, ìlú kékeré kan nílẹ̀ Faransé. Bàbá rẹ̀ ń ṣe gàárì ẹṣin. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tó ń fi irin ṣóńṣó tí bàbá rẹ̀ fi ń lu awọ ṣeré, irin náà yọ̀, ó gún un lójú kan. Egbò náà ran ojú kejì, méjèèjì sì fọ́. Ní 1819 wọ́n mú un lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ aláìríran ní Paris. Níbẹ̀ ló ti pàdé ọ̀nà ìkọ̀wé tí Charles Barbier, ọkùnrin kan tó ti ṣe ológun rí, gbé kalẹ̀: àmì róbótó tó yọ sókè lójú páálí. Ti Barbier ní ojú 12, ìlà méjì, mẹ́fà-mẹ́fà. Ẹni tó bá ti ta ayò rí ti mọ bó ṣe rí.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé orí ìka kan kò lè bo ọpọ́n ayò lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní láti máa rìn sókè rìn sísàlẹ̀ kó tó mọ àmì kan ṣoṣo. Louis gé ọpọ́n náà sí méjì. Nígbà tó fi máa di 1824, tó jẹ́ ọmọ ọdún 15, ojú mẹ́fà péré ló kù lọ́wọ́ rẹ̀, mẹ́ta-mẹ́ta ní ìlà méjì, tó wọ abẹ́ ọmọ-ìka gẹ́lẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1829. Irin tó fọ́ ọ lójú àti irin tó fi ń kọ̀wé, bí ìbejì ni wọ́n jọra.

Báwo ni ojú mẹ́fà ṣe wá tó fún gbogbo lẹ́tà? Ojú kọ̀ọ̀kan lè yọ sókè, ó sì lè wà ní pẹlẹbẹ. Àwọn babaláwo ti mọ irú ìṣirò yìí tipẹ́tipẹ́: àmì ẹyọ kan tàbí méjì, ní ọ̀nà mẹ́rin, ń bí 16, bí a bá fi ẹsẹ̀ kejì tì í, ó di 256. Ojú mẹ́fà ti Braille ń bí 64. Yọ ọ̀kan tí gbogbo rẹ̀ wà ní pẹlẹbẹ kúrò, ó ku 63. Ó tó fún lẹ́tà, fún àmì ìdánudúró, fún orin kíkọ sílẹ̀, ó sì tó fún ẹ, ọ àti ṣ tiwa. Lẹ́tà A jẹ́ ojú kìn-ín-ní nìkan. B jẹ́ ojú kìn-ín-ní àti ìkejì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí àmì nọ́ńbà bá ṣíwájú wọn, A di 1, B di 2. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ àṣìṣe láti pe Braille ní "èdè àwọn afọ́jú". Kì í ṣe èdè. Ọ̀nà ìkọ̀wé ni, a sì ń fi kọ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì àti Lárúbáwá.

Ẹ wo ọmọ kan tó ń kọ ọ́. Síléètì rẹ̀ jẹ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó so pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ìwé tí a ṣí. Irin òkè ní fèrèsé wẹ́wẹ́ ní ìlà-ìlà, ti ìsàlẹ̀ ní ihò tí kò lu. Ó fi páálí nínípọn sáàárín, ó pa á dé. Ọwọ́ òsì ń wá fèrèsé. Ọwọ́ ọ̀tún di irin ìkọ̀wé mú, orí rẹ̀ róbótó wọ àtẹ́lẹwọ́. Ta, ta. Ta. Láti ọ̀tún ló ti ń bọ̀ wá sí òsì, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì kọ ẹ̀yìn síwájú, torí pé ẹ̀yìn páálí ni àmì ń yọ sí. Ó kọ ọ́ tán, ó yọ páálí, ó yí i padà, ó wá ń fi ìka ìtọ́ka kà á láti òsì lọ sí ọ̀tún. Lábẹ́ ìka ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ó dà bí ara ẹni tí òtútù mú. Kíláàsì tí ọmọ mẹ́wàá ti ń kọ ọ́ pọ̀ ń dún bí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lórí páànù.

Ẹ̀rọ Perkins tún mú un rọrùn. David Abraham ló ṣe é ní ilé-ẹ̀kọ́ Perkins ní Amẹ́ríkà, ó sì dé ọjà ní 1951. Bọ́tìnnì mẹ́fà ló ní fún ojú mẹ́fà, a sì ń tẹ̀ wọ́n pa pọ̀ bí ẹni ń tẹ dùùrù. Àmì ń jáde lójú páálí, kò sí pé à ń yí nǹkan kan padà. Ó wúwo, ó sì wọ́n. Nílẹ̀ wa, ilé-ìwé Pacelli ní Sùúrùlérè, l'Ékòó, ti ń kọ́ àwọn ọmọ aláìríran láti 1962.

Ohùn inú kọ̀ǹpútà

Lónìí, kọ̀ǹpútà àti fóònù lè ka ohun tó wà lójú wọn sókè. NVDA, ètò kan tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ aláìríran ń lò lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni. Michael Curran, ọ̀dọ́kùnrin ará Australia kan tí kò ríran, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2006, James Teh tí òun náà kò ríran sì dara pọ̀ mọ́ ọn. Lórí fóònù Android, irú ètò bẹ́ẹ̀ tó ń jẹ́ TalkBack ti wà nínú rẹ̀ kí a tó rà á; ọ̀pọ̀ nínú wa kò kàn dé ibi tó wà rí ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: mo ti gbọ́ kí fóònù máa ka Yorùbá pẹ̀lú ẹnu òyìnbó, mo rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà ni inú mi kò dùn mọ́. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ di ohun kan náà. Bí ẹ̀rọ yóò bá tilẹ̀ gbìyànjú, àfi kí àmì ohùn wà lórí ohun tó ń kà. Nítorí náà, olùkọ́ Yorùbá tó bá tẹ iṣẹ́ ilé láìfi àmì sí i ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ aláìríran. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí kíbọ́ọ̀dù àti ohùn Yorùbá fún kọ̀ǹpútà wà nítòsí wa, bí Alt-i tí Ọ̀mọ̀wé Túndé Adégbọlá dá sílẹ̀ n'Íbàdàn. Fóònù púpọ̀ náà ti ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá báyìí. Àwáwí ti dín kù.

Àwọn kan ní níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ ti ń kàwé, Braille ti di ohun àtijọ́. N kò gbà. Ẹni tó ń gbọ́ ìwé nìkan kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, kò mọ ibi tí gbólóhùn ti dúró, kò sì lè fi ọwọ́ kan ìdọ́gba nínú ìṣirò láti padà yẹ̀ ẹ́ wò. Ta ló lè sọ fún ọmọ tó ríran pé kó má kọ́ ìwé kíkà mọ́ torí pé rédíò wà?

"Ọmọ yìí kì í gbọ́ràn"

Èdè wa gan-an dá kún ìṣòro ọmọ tí etí rẹ̀ wúwo. Bí a bá ní "ọmọ yìí kì í gbọ́ràn", ta ló ń ronú kan etí? Olóríkunkun la ń pè é. Mélòó nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ló ti jẹ ẹgba aláìgbọràn, tó sì jẹ́ pé etí tó ń ṣọyún láti ọmọ ọdún méjì ni wọn kò tọ́jú? Ọmọ tí kì í dáhùn àfi bó bá rí ẹnu ẹni, tó ń tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, tó ń dáhùn ohun tí a kò bi í, ẹ gbé e lọ ṣàyẹ̀wò etí kí ẹ tó wá pàṣán.

Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn kì í ṣe awò etí, àṣìṣe tí àwọn òbí máa ń ṣe nìyí. Wọ́n rò pé bí ọmọ bá ti gbé e sétí, ó parí. Awò lè jẹ́ kí lẹ́tà já gaara. Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ń gbé ohùn sókè ni, ó sì ń gbé ti fáànù, ti àga tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀ àti ti jẹnẹrétọ̀ ìta sókè pẹ̀lú ti tíṣà. Ohùn sì ń kú bó ṣe ń jìn sí i. Ohun tó dún ketekete ní mítà kan ti rọ púpọ̀ ní mítà mẹ́rin. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣe irú èyí tí tíṣà máa ń fi gbohùngbohùn kékeré kọ́ àyà, tí ohùn rẹ̀ á lọ tààrà sínú ẹ̀rọ etí ọmọ, bíi pé ó ń sọ̀rọ̀ sí i létí. Níbi tí kò bá ti sí èyí, ẹ gé sílípásì tó ti gbó, ẹ fi bọ ẹsẹ̀ àga kí ariwo rẹ̀ lè dín kù, kí tíṣà má sì máa kọjú sí pátákó sọ̀rọ̀. Ọmọ tó ń ka ẹnu kò lè ka ìpàkọ́.

Ọ̀rọ̀ bátìrì náà wà níbẹ̀, torí òun ló ń ba púpọ̀ nínú ẹ̀rọ wọ̀nyí jẹ́ lójú ẹni. Ó kéré bíi bọ́tìnnì ẹ̀wù, wọ́n sì lẹ nǹkan mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Bí a bá ti ṣí ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, afẹ́fẹ́ á wọ inú rẹ̀, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Bí a tilẹ̀ lẹ̀ ẹ́ padà, kò lè dúró mọ́. Àwọn tó ṣí bátìrì mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà láti wò wọ́n ti fi owó ṣòfò. Etí ọmọ náà ń dàgbà: bí ohun tí wọ́n gbẹ́ wọ inú etí rẹ̀ bá ti ṣò, ẹ̀rọ á máa súfèé, ó ti tó àkókò láti gba òmíràn.

Fún àwọn tí ẹ̀rọ kò ràn lọ́wọ́, èdè afọwọ́sọ wà. Andrew Foster, ará Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ adití, ló dá ilé-ìwé àwọn adití sílẹ̀ n'Íbàdàn ní 1960, lẹ́yìn tó ti kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní Ghana ní 1957. Èdè afọwọ́sọ kì í ṣe ohun èlò. Èdè ni, ó ní gírámà tirẹ̀, ọmọ tó bá sì gbọ́ ọ ti ní ohun tí yóò fi ronú.

Ìwé tó ń sá lójú, bírò tó ń bọ́ lọ́wọ́

Àwọn ọmọ kan wà tí ojú wọn dá, tí etí wọn já, tí ọpọlọ wọn sì mú, ṣùgbọ́n tí lẹ́tà kò dúró lójú wọn. Òyìnbó ń pè é ní dyslexia. Ibi tí ọpọlọ ti ń so ìró pọ̀ mọ́ lẹ́tà ni ìṣòro wà. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe àfọwọ́fà ọ̀tá. Ẹ gé páálí, ẹ dá fèrèsé tí ìlà kan ṣoṣo lè gbà yọ sí i láàárín, kí ọmọ máa fà á lọ lórí ìwé bó ti ń kà á. Kí tíṣà ka ẹ̀kọ́ sínú fóònù, kí ọmọ máa gbọ́ ọ bó ti ń tẹ̀ lé e lójú ìwé. Kí ó fẹnu dáhùn nígbà mìíràn. Ìyá ọlọ́jà tó ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp torí pé títẹ lẹ́tà ń dà á láàmú kò pe ara rẹ̀ ní aláàbọ̀ ara, kò sì sí oníbàárà tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Fún ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, rọ́bà tíúùbù kẹ̀kẹ́ tí a wé mọ́ bírò yóò jẹ́ kó di í mú, sẹ́lótéèpù yóò sì mú ìwé dúró lórí tábìlì. Ní ti kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara, òkú irin ni bí àtẹ̀gùn mẹ́ta bá wà lẹ́nu kíláàsì tí ẹnikẹ́ni kò fi sìmẹ́ǹtì ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Ní nǹkan bí 1808, ará Ìtàlì kan, Pellegrino Turri, ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan fún Carolina Fantoni, obìnrin tí kò ríran, kó lè máa kọ lẹ́tà láìbẹ ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àkọ́kọ́ láyé nìyẹn. Ohun tí wọ́n ṣe fún ẹnì kan kì í pẹ́ di ti gbogbo ayé.

Ohun èlò ló gbẹ̀yìn

Mo ti wọ ilé-ìwé kan rí tí ẹ̀rọ Braille mẹ́ta wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá àgbà, ọ̀rá tí wọ́n fi dì wọ́n kò tíì kúrò lára wọn. Aláàánú kan ló fi wọ́n tọrẹ. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ọ̀gá, ẹni tó mọ̀ ọ́n lò kò sí. Ohun tó fa èyí ni pé ọ̀dọ̀ ohun èlò ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Joy Zabala, olùkọ́ ará Amẹ́ríkà kan tó jẹ́ gbajúmọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, fi ètò tó dára lélẹ̀. Ọmọ ni ká kọ́kọ́ wò: kí ló lè ṣe, kí ló ń dà á láàmú? Ká wá wo ibi tó ti ń kẹ́kọ̀ọ́: ṣé iná wà, ọmọ mélòó ló wà níbẹ̀, ta ló lè ràn án lọ́wọ́? Lẹ́yìn náà, ká wo iṣẹ́ tí a fẹ́ kó ṣe gan-an. Ìgbà tí a bá ti dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la tó lè dárúkọ ohun èlò. Ní kíláàsì tí iná kì í dé àfi ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, síléètì àti irin ìkọ̀wé ju kọ̀ǹpútà lọ fíìfíì.

Lẹ́yìn tí a bá yan ohun èlò, iṣẹ́ kù. Kí wọ́n kọ́ ọmọ bí a ṣe ń lò ó, kí wọ́n kọ́ tíṣà, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ kan kí ojú wọn lè kúrò níbẹ̀. Ọmọ púpọ̀ ló ń bọ́ ẹ̀rọ sápò lójú ọ̀nà ilé-ìwé nítorí ẹ̀sín. Kí a mọ ẹni tí yóò máa ra bátìrì. Lẹ́yìn táàmù kan, ká wo ìwé ọmọ náà. Bí kò bá sí ìyàtọ̀, a yí i padà, a kò dá ọmọ lẹ́bi.

Ohun tí òfin sọ

Òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ sí àwọn aláàbọ̀ ara léèwọ̀ ní Nàìjíríà ti wà láti oṣù kìn-ín-ní 2019. Ó ní kí gbogbo ilé-ìwé ìjọba, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé yunifásítì, gba àwọn ọmọ wọ̀nyí wọlé, kí òṣìṣẹ́ kan, ó kéré tán, tó kọ́ṣẹ́ àbójútó wọn wà níbẹ̀ pẹ̀lú ohun èlò tó yẹ, kí Braille àti èdè afọwọ́sọ sì wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ ní ilé-ìwé. Ní 2017, Nàìjíríà tún ti fi òǹtẹ̀ lu àdéhùn Marrakesh, tó fi àyè gba títẹ ìwé sí Braille tàbí kíkà á sínú ohùn fún àwọn aláìríran láìkọ́kọ́ tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ọdún 2017 náà ni JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò ìgbaniwọlé sí yunifásítì, dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti máa ṣe ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláìríran lọ́nà tó bá wọn mu. A kì í sì í wá àwọn tó lè kọ́ni jìnnà: kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni àkànṣe ti ìjọba àpapọ̀ ti wà l'Ọ́yọ̀ọ́ láti 1977.

Ẹ̀yin òbí, tí ẹ bá dé ìpàdé òbí àti olùkọ́ tó ń bọ̀, ẹ na ọwọ́ sókè, kódà bí ojú àti etí ọmọ tiyín bá dá ṣáká. Ẹ bi wọ́n pé ta ni òṣìṣẹ́ tí òfin 2019 ń sọ ní ilé-ìwé yìí. Bí wọ́n bá ní kò tíì sí, ẹ ní kí akọ̀wé kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ nínú ìwé ìpàdé, kí ẹ sì tún béèrè rẹ̀ ní táàmù tó tẹ̀ lé e.